Ọjọ́ Mẹ́ta ní Ìlú Ife Fàdákà

Ògiri ni ọ̀rẹ́ mi kọ́kọ́ kí ní ìlú Cádiz kí ó tó kí ènìyàn kankan. Bí a ti sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan nínú oṣù Karùn-ún, tí a gbé àpò wa kọ́ èjìká, tí a sì ń wá ilé àlejò tí a ó sùn kiri, ni ọkùnrin náà dúró gbọnin lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé àtijọ́ kan, ó fi èékánná họ ara òkúta rẹ̀, ó sì ké sí mi pé, "Ìwọ, padà wá wo nǹkan! Ìkarahun ni wọ́n fi kọ́ ilé yìí o!" Mo kọ́kọ́ rò pé ẹ̀fẹ̀ ni ó ń ṣe, nítorí èmi àti òun jọ jẹ ẹ̀kọ nínú ewé kan náà láti kékeré ni, n kò sì tíì rí ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ kò ní ẹ̀rín nínú, ṣùgbọ́n nígbà tí mo súnmọ́ ibẹ̀, òtítọ́ ni: ìkarahun òkun, ńlá àti kékeré, ni ó há sínú òkúta náà bí ẹ̀wà ti í há sínú àdàlú.

Bíríkìlà ni ọ̀rẹ́ mi í ṣe. Ó ju ogún ọdún lọ tí ó ti ń kọ́ ilé tí ó sì ń tún ògiri ṣe ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí àwa méjèèjì ti ń jẹ òógùn ojú wa, ojú tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ fi ń wo ìlú kì í sì í ṣe ojú tí èmi akọ̀wé fi ń wò ó. Ìsinmi ni a bá lọ. Òtútù ti wọ̀ wá lára dé egungun, iṣẹ́ ti sú wa, ó sì ti búra pé bí òun kò bá rí oòrùn kí oṣù náà tó parí, àwọn ará ilé òun yóò bá òun ní gbígan bí ẹja inú yìnyín. Èmi ni ó ní kí n yan ìlú, ó sì kìlọ̀ fún mi pé ìwé kankan kò gbọdọ̀ wọ inú àpò mi, pé òun kò fẹ́ gbọ́ ìtàn ogun tàbí ti ọba títí di àárọ̀ ọjọ́ Ajé. Mo gbà. Mo yan Cádiz, n kò sì sọ ìdí rẹ̀ fún un.

Òkúta tí ó ń họ yẹn ni àwọn ará ìlú náà ń pè ní piedra ostionera. Iyanrìn, òkúta wẹ́wẹ́ àti ìkarahun tí òkun ti ń kó jọ láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni ó lẹ̀ pọ̀ tí ó gan di òkúta. Etíkun ibẹ̀ ni àwọn baba ńlá wọn ti ń gé e, òun ni wọ́n fi mọ odi, òun ni wọ́n fi kọ́ ilé olówó àti ilé tálákà kí wọ́n tó fi ẹfun rẹ́ ẹ lójú, tó fi jẹ́ pé ibikíbi tí ẹfun bá ti bó, òkun a tún yọjú síni. Ní igun òpópónà, ìbọn àgbá ògbólógbòó ni wọ́n rì mọ́lẹ̀ ní òró, kí kẹ̀kẹ́ ẹrù ayé àtijọ́ má baà máa họ igun ilé bí ó bá ń yà. Ọ̀rẹ́ mi fọwọ́ gbá ọ̀kan nínú wọn lórí, ó ní ìgbà tí ogun bá darúgbó tán, iṣẹ́ ọdẹ ni wọ́n fi í sí.

Ẹni tí ó bá wo àwòrán ilẹ̀ Sípéènì yóò rí i pé ní ìsàlẹ̀, ní apá ìwọ̀ oòrùn, kí ènìyàn tó dé ibi tí Áfíríkà àti Yúróòpù ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fẹnu kora, ilẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ kan nà jáde sínú òkun Àtìláńtíìkì bí apá ẹni tí ń gba nǹkan lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ìkúùkù tí ó wà ní orí apá náà ni Cádiz àtijọ́. Omi ni níwájú, omi ni lọ́tùn-ún, omi ni lósì, ọ̀nà tóóró kan ṣoṣo ni ó so ó mọ́ ilẹ̀ kí wọ́n tó fi afárá méjì gba orí omi kọjá láyé òde òní, èyí tí wọ́n ṣí ní 2015 nínú wọn sì ga tó bẹ́ẹ̀ tí ààyè mítà 69 fi wà lábẹ́ rẹ̀ fún ọkọ̀ ojú omi. Ilẹ̀ tí wọn yóò kọ́ ilé tuntun sí kò sí mọ́. Nítorí náà ni ilé ṣe há mọ́ ilé, tí òpópónà fi tóóró débi pé ìyá tí ó wà lójú fèrèsé ilé ìhín lè yá ìyá tí ó wà lójú fèrèsé ilé ọ̀hún ní iyọ̀, tí àwọn ọ̀dọ́ sì ń kó lọ díẹ̀díẹ̀ láti wá ilé àti iṣẹ́ sí ibòmíràn. Nǹkan bí 110,000 ènìyàn ni ó kù síbẹ̀. Tacita de Plata ni oríkì tí wọ́n ń ki ìlú náà, èyí ni Ife Fàdákà Kékeré, ẹni tí ó bá sì wà lórí odi rẹ̀ nígbà tí oòrùn bá ń rọ̀, tí òkun ń tàn yanran ní gbogbo ìhà tí ilé funfun sì ń gba ìmọ́lẹ̀ náà lọ́wọ́ ara wọn, kò ní béèrè ìdí oríkì.

Ebi ni ó kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ kìíní ní alẹ́ ọjọ́ náà. Agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ni inú wa ti ń dún, a sì ti rìn kọjá ilé oúnjẹ bíi mẹ́wàá, gbogbo wọn ni ó fi ìjókòó síta, kò sì sí èyí tí ó dá iná. Ní Sípéènì, agogo méjì sí mẹ́ta ni wọ́n ń jẹun ọ̀sán, wọn kì í sì í ronú oúnjẹ alẹ́ kí agogo mẹ́sàn-án tó lù; àlejò tí ó bá fẹ́ jẹun ṣáájú wọn, omi ni yóò máa mu. A mu omi. Nígbà tí àwọn tí ń din ẹja ṣílẹ̀kùn níkẹyìn, a tò sẹ́yìn àwọn ìyá àgbà tí wọ́n wá ra tiwọn lọ sílé, wọ́n sì wé ẹja díndín gbígbóná fún wa sínú bébà tí wọ́n lọ́ bí ìwo. Ṣùgbọ́n ohun tí ó mú ọ̀rẹ́ mi pariwo ni èyí tí wọ́n ń pè ní tortillitas de camarones: wọ́n po ìyẹ̀fun àlìkámà mọ́ ti ẹ̀wà gárbáńsò, wọ́n fi àlùbọ́sà, ewé àti edé kéékèèké tí kò tó èékánná sí i pẹ̀lú èèpo àti ojú wọn, wọ́n sì dà á sínú òróró tí ó ń hó títí tí yóò fi gbẹ kíríkírí. "Àkàrà ni èyí," ni ó wí. Ó jẹ mẹ́ta kí ó tó tún sọ̀rọ̀. "Ẹni tí ó dín in ni kò ní sùúrù láti jẹ́ kí ó wú." Ó fi omi ọsàn sìn ín sọ́nà nítorí Mùsùlùmí ni; èmi mu ife wáìnì funfun kan láti Sanlúcar, ó sì fi ojú àánú wò mí.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, ẹ̀fúùfù kan tí ń ti ìlà oòrùn wá ti gba ìlú. Levante ni orúkọ rẹ̀. Gbígbẹ ni, líle ni, ó lè fẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́ láìsinmi, àwọn ará ibẹ̀ sì gbà pé bí ó bá pẹ́ kí ó tó lọ, orí ènìyàn a máa yí. Ó gba fìlà ọ̀rẹ́ mi lórí rẹ̀, ó gbé e sọdá odi, ó sì fi fún òkun. Kí a lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ni a fi sá wọ ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tí ó wà ní gbàgede Plaza de Mina; n kò lè ṣàì sọ òótọ́, inú mi dùn sí ẹ̀fúùfù náà.

Àgbà ni Cádiz láàrin àwọn ìlú Yúróòpù. Àwọn òǹkọ̀wé Róòmù sọ pé ó lé ní 1,100 ọdún kí a tó bí Jésù ni wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ dó. Àwọn tí ń walẹ̀ kò rí ohun tí ó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ti bá òpópónà àti ilé ìdáná tí ó ti wà níbẹ̀ láti nǹkan bí 800 ọdún ṣáájú ìbí Olúwa. Àwọn ará Tírè ni ó tẹ̀ ẹ́ dó, Tírè kan náà tí a ń kà nínú Bíbélì, tí Hírámù ọba wọn fi igi kédárì ránṣẹ́ sí Sólómọ́nì láti fi kọ́ tẹ́ḿpìlì. Oníṣòwò ni wọ́n, fàdákà ilẹ̀ Sípéènì ni wọ́n bá wá, wọ́n sì pe ibùdó wọn ní Gadir, èyíinì ni ibi tí a mọ odi yí ká. Àwọn ará Róòmù wá gbà á nígbà tí àsìkò wọn tó. Níbẹ̀ ni wọ́n ti bí Balbus, ẹni àkọ́kọ́ tí kì í ṣe ọmọ bíbí Róòmù tí ó dé ipò kọ́ńsúlù ní Róòmù, ní 40 ọdún ṣáájú Jésù. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn Mùsùlùmí gbà á, wọ́n sì lò ju 500 ọdún lọ níbẹ̀, ọ̀rọ̀ tí ó mú kí ọ̀rẹ́ mi tún ọrùn ẹ̀wù rẹ̀ ṣe bí ẹni pé ẹ̀gbọ́n òun ni wọ́n ń yìn.

Ohun tí ó dá wa dúró nínú ilé náà ni pósí méjì. Òkúta mábù funfun ni wọ́n fi gbẹ́ wọn ní àwòrán ènìyàn tí ó dùbúlẹ̀, ọ̀kan jẹ́ ọkùnrin onírùngbọ̀n, èkejì jẹ́ obìnrin tí ó ṣe irun rẹ̀ ní kókó wẹ́wẹ́, ojú àwọn méjèèjì sì là bí ẹni tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ pè lórúkọ. Nǹkan bí 2,400 ọdún ni wọ́n ti wà. Ọdún 1887 ni wọ́n rí ọkùnrin náà. Lẹ́yìn èyí ni ọ̀gbẹ́ni Pelayo Quintero, tí ó di olórí ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ìlú náà, gbà á gbọ́ láìṣiyèméjì pé irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ kò lè ṣàìní obìnrin kan tí ó bá a ṣe déédéé, ó sì fi ọ̀pọ̀ ọdún wa ilẹ̀ Cádiz kiri láti wá a. Ó rí ibojì, ó rí ẹ̀gbà, ó rí òrùka, kò rí obìnrin. Ó kú ní ilẹ̀ Mòrókò ní 1946. Ní 1980, àwọn òṣìṣẹ́ ń walẹ̀ láti kọ́ ilé tuntun sí ojú ilẹ̀ kan láàrin ìlú, irin wọn sì kan mábù: obìnrin náà ni. Orí ilẹ̀ yẹn gan-an ni ilé Quintero ti wà rí. Ọ̀sán ni ọkùnrin náà ń jáde lọ wá a, òru ni ó ń padà wá sùn lé e lórí.

Àwọn baba wa ti pa òwe rẹ̀ tán, pé ohun tí à ń wá lọ sí Sókótó wà nínú àpò ṣòkòtò. Mo yíjú sí ọ̀rẹ́ mi kí n lè pa òwe náà fún un, ṣùgbọ́n bíríkìlà ni, ó ti ń mi orí. Ó ní, "Ẹ̀bi ẹni tí ó kọ́ ilé yẹn ni. Ká ní ó gbẹ́ ìpìlẹ̀ rẹ̀ jìn bí ó ti yẹ, ọjọ́ kìíní ni wọn ìbá ti bá a." Mo gbé òwe mi mì. (Àwọn ọ̀mọ̀wé sì ní pósí obìnrin náà ṣáájú ti ọkùnrin ní ọ̀pọ̀ ọdún, nítorí náà wọn kì í ṣe tọkọtaya, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ ara wọn ni wọ́n tẹ́ wọn sí, kò sì sí ẹni tí ó fẹ́ tú ìgbéyàwó náà ká.)

Ní ọ̀sán, a gun ilé ìṣọ́ Torre Tavira. Kí n tó sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀, ó yẹ kí òǹkàwé mọ̀ pé ní 1717 ni ọba Sípéènì kó iléeṣẹ́ tí ń ṣàkóso òwò ilẹ̀ Amẹ́ríkà kúrò ní Sevilla wá sí Cádiz, láti ọjọ́ náà ni wúrà, fàdákà, súgà, tábà àti kòkó sì ti ń gba ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo yìí wọ Sípéènì. Àwọn oníṣòwò di ọlọ́rọ̀ àpọ́njá-ewé. Olúkúlùkù wọn kọ́ ilé ìṣọ́ lé orí ilé rẹ̀, kí ó lè wo ojú òkun kí ó sì mọ̀ bóyá ọkọ̀ tòun ń bọ̀ tàbí ó ti rì; ó ju 100 lọ nínú wọn tí ó ṣì dúró títí di òní, tí ìlú náà sì rí láti òkè bí agbo ènìyàn tí wọ́n na ọrùn. Ti Tavira ni ó ga jù. Ní 1778 ni wọ́n fi í ṣe ojú ìjọba, orúkọ olùṣọ́ rẹ̀ àkọ́kọ́, Antonio Tavira, ni ó sì ń jẹ́. Nínú rẹ̀ lónìí, yàrá dúdú kirikiri kan wà tí a fi dígí àti awò sí orí òrùlé rẹ̀. Bí wọ́n bá ti ilẹ̀kùn, ìlú náà a tú sílẹ̀ láàyè lórí tábìlì funfun kan tí ó rí bí àwo: ẹyẹ ń fò, aṣọ ń fẹ́ lórí okùn, ọkọ̀ ń kọjá, gbogbo rẹ̀ láìsí ariwo kankan.

Nígbà tí a jáde sí ìta lókè, ọ̀rẹ́ mi gbára lé ògiri, ó wo ìwọ̀ oòrùn, ó ní, "Tí mo bá gba ibí yìí lọ tààrà, ibo ni n ó yọ sí?"

Mo ní, "Wàá yọ sí Kúbà."

Ó wò mí. Ó mọ̀ mí. "Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí o fi yan ìlú yìí?"

Mo jẹ́wọ́. Ẹni tí ó bá ti rí Havana, tàbí àwòrán rẹ̀, kò ní ṣàì mọ Cádiz bí ó bá rí i: ògiri etíkun kan náà, ilé aláwọ̀ rírẹ̀dòdò kan náà, odi àgbá kan náà, àní nígbà tí àwọn onísinimá ń ya Die Another Day, tí ó jáde ní 2002, tí wọ́n sì nílò Havana, etíkun La Caleta ní Cádiz ni wọ́n yà, òǹwòran kò sì mọ ìyàtọ̀. Ìlú méjèèjì jọ kọ́ ara wọn ni. Owó tí Cádiz fi kọ́ ilé, apá kan rẹ̀ ti ara ènìyàn wá. Ní 1765, ìjọba Sípéènì fi àṣẹ òwò ẹrú fún ẹgbẹ́ oníṣòwò Cádiz kan tí orúkọ rẹ̀ kò fi ohunkóhun pamọ́, Compañía Gaditana de Negros, láti máa kó àwọn adúláwọ̀ lọ sí Kúbà àti àwọn erékùṣù ẹgbẹ́ rẹ̀. Nínú Cádiz pàápàá, adúláwọ̀ ti pọ̀ débi pé wọ́n ní ẹgbẹ́ onígbàgbọ́ tiwọn. Nígbà tí Ọ̀yọ́ Ilé sì fọ́, tí ogun abẹ́lé dé bá ilẹ̀ wa, àwọn ènìyàn wa ni wọ́n ń kó lọ sí Kúbà ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún, àwọn tí wọ́n ń pè ní Lukumí níbẹ̀. Sípéènì ti fi ọwọ́ sí ìwé pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì ní 1817 pé òun yóò jáwọ́ nínú òwò náà, síbẹ̀ àwọn ọkọ̀ kan ṣì ń gbára dì láti èbúté Cádiz fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà.

Ọ̀rẹ́ mi kò sọ̀rọ̀. Ẹ̀fúùfù ń fẹ́. Níkẹyìn ó ní, "Ó dáa, o ti ba ìsinmi jẹ́. Kí ni ó kù tí o fẹ́ fi hàn mí?"

Mo mú un lọ sí ilé ìjọsìn San Felipe Neri, tí kò jìnnà. Inú rẹ̀ rí roboto bí ẹyin, òkúta ìrántí tí wọ́n kọ orúkọ àwọn aṣojú sí sì kún ara ògiri rẹ̀ níta. Nígbà tí Napoleon kó ogun bo Sípéènì, tí ó sì fi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jọba lé wọn lórí, Cádiz wà lára ibi díẹ̀ tí apá rẹ̀ kò ká. Láti 1810 dé 1812 ni ogun Faransé fi dó tì í, wọ́n ń yin àgbá sí i láti òdìkejì omi, ṣùgbọ́n òkun ni odi rẹ̀, oúnjẹ sì ń gba ojú omi wọlé. Nínú ìdótì yìí ni àwọn aṣojú láti Sípéènì àti láti àwọn ilẹ̀ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà péjọ sínú ilé ìjọsìn yìí, wọ́n sì gbé òfin ńlá kan jáde ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹta, 1812, tí í ṣe ọjọ́ Jósẹ́fù mímọ́, nítorí èyí ni àwọn ará ìlú ṣe ń pe òfin náà ní La Pepa, bí a ti ń ké orúkọ obìnrin tí a fi Jósẹ́fù sọ. Òfin rere ni ní ọ̀nà púpọ̀: ó ní ti orílẹ̀-èdè ni àṣẹ, kì í ṣe ti ọba, ó fún àwọn òǹkọ̀wé ní ẹnu láti sọ̀rọ̀ lórí ọ̀rọ̀ ìlú. Àwọn ará Cádiz ń fi í yangàn títí di òní, n kò sì bá wọn wí.

Ṣùgbọ́n abala kejìlélógún rẹ̀ wà níbẹ̀. Ó ní ẹnikẹ́ni tí orírun rẹ̀ bá ti Áfíríkà wá, ìbáà jẹ́ ti baba ìbáà jẹ́ ti ìyá, kì í ṣe ọmọ onílùú, àfi bí ó bá fi ìwà àti iṣẹ́ ńlá ṣí ilẹ̀kùn fún ara rẹ̀. Ní ti ẹrú, aṣojú kan láti Mẹ́síkò, José Miguel Guridi y Alcocer, ti dìde ní oṣù Kẹta, 1811, ó ní kí wọ́n fòpin sí ẹrú díẹ̀díẹ̀; Agustín de Argüelles, ọmọ Sípéènì, dìde tẹ̀lé e, ó ní kí wọ́n kúkú pa òwò náà rẹ́. Àwọn olóko ìrèké ní Havana bú sígbe, ìgbìmọ̀ sì gbé ọ̀rọ̀ náà sí apá kan. Níbi tí ọ̀rọ̀ wá burú sí ni pé ìròyìn a máa yára kọjá òkun ju ọkọ̀ lọ: àwọn adúláwọ̀ Kúbà gbọ́ fìrìfìrì pé Cádiz ti dá àwọn sílẹ̀, pé àwọn olówó àwọn ni ó fi ìwé náà pamọ́. Ọ̀tẹ̀ bẹ́ sílẹ̀ nínú oko ìrèké. Wọ́n mú José Antonio Aponte, adúláwọ̀ Havana kan tí kì í ṣe ẹrú, gbẹ́nàgbẹ́nà àti agbẹ́gilére, wọ́n ní òun ni olórí rẹ̀, wọ́n sì so ó rọ̀ ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹrin, 1812.

Ọ̀rẹ́ mi fi ìka rẹ̀ kà á. "Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn òfin rere yìí," ni ó wí. Ó tún wo ilé náà lẹ́ẹ̀kan sí i, òrùlé rẹ̀ àti ìpìlẹ̀ rẹ̀. "Iṣẹ́ ọwọ́ wọn dára, ká má parọ́."

Kàtídírà ìlú náà, tí òkè rẹ̀ yíyípo ń tàn bí ìyeyè láti ojú òkun, kò pẹ́ wa lọ́wọ́. Ọdún 116 ni wọ́n fi kọ́ ọ, láti 1722 dé 1838, ọ̀rẹ́ mi kò sì nílò ìwé láti mọ ibi tí owó ti tán: mábù ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀, òkúta oníkarahun ni wọ́n fi parí lókè. Iyọ̀ òkun ti ń jẹ òkúta rẹ̀, wọ́n sì ta àwọ̀n sábẹ́ àjà kí èyí tí ó bá já má baà bá olùjọsìn.

Alẹ́ ọjọ́ náà dùn ju ọ̀sán rẹ̀ lọ. Ní àdúgbò La Viña, tí í ṣe àdúgbò àwọn apẹja, ọkùnrin bíi mẹ́jọ jókòó sí ẹnu ọ̀nà ilé ọtí kan pẹ̀lú gìtá àti ìlù, wọ́n ń kọrin ní ohùn mẹ́ta, gbogbo ẹni tí ó dúró sì ń rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú wọn. Orin Kànífà ni. Ní oṣù Kejì ọdọọdún ni àwọn ẹgbẹ́ tí wọ́n ń pè ní chirigota ń wọ aṣọ ẹlẹ́yà, tí wọ́n ń kọ orin tuntun tí wọ́n fi ń bú olórí ìjọba, bíṣọ́ọ̀bù, olówó ilé àti ara wọn, tí wọ́n sì ń bá ara wọn díje nínú gbọ̀ngàn Gran Teatro Falla. Franco fòfin dè é ní 1937, nítorí apàṣẹwàá kò fẹ́ràn ẹ̀rín tí kì í ṣe òun ni ó pàṣẹ rẹ̀. Lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni ó tó padà dé ní kíkún. N kò gbọ́ ju ọ̀rọ̀ mẹ́wàá lọ nínú èdè wọn, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti jókòó rí níbi Ẹ̀fẹ̀ ní ilẹ̀ Kétu, tí ó gbọ́ bí àwọn òṣèré ṣe ń tú àṣírí ìlú lójú onílé lójú àlejò tí ọba kò sì lè bínú, kò nílò ògbufọ̀ púpọ̀.

Ọ̀rẹ́ mi ni ó sọ pé kí a lọ sí Chipiona ní ọjọ́ Àìkú. Àlàyé kan tí mo ṣe lórí ẹja díndín ní òru náà ni ó fà á. Mo ti sọ fún un pé ní òdìkejì omi èbúté Havana, ìlú kékeré kan wà tí ń jẹ́ Regla, tí wọ́n gbé ère Màríà dúdú kan sí nínú ilé ìjọsìn rẹ̀, àti pé Yemọja ni àwọn ọmọ Lukumí mọ̀ ọ́n sí: bí ọjọ́ ọdún rẹ̀ bá pé ní oṣù Kẹsàn-án, aṣọ búlúù àti funfun ni wọ́n ń wọ̀ lọ bá a létí omi. Mo sì fi kún un pé Cádiz ni Regla ti wá, pé ojúlówó ère náà wà ní Chipiona, ìlú etíkun kan ní ìgbèríko Cádiz, bọ́ọ̀sì sì ń lọ síbẹ̀. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ìyá àgbà rẹ̀ tí ó tọ́ ọ ní Ìbarà, l'Ábẹ́òkúta, olórìṣà ni. Yemọja ni ó ń bọ kí àwọn ọmọ rẹ̀ tó kírun tán.

Ilé ìjọsìn tí ère náà wà ní Chipiona wà létí òkun gan-an, ìgbì ń fọ́ sí abẹ́ odi rẹ̀, ilé iná àwọn atukọ̀ tí ó ga jùlọ ní gbogbo Sípéènì sì dúró nítòsí. Ìsìn ń parí lọ nígbà tí a wọlé. Lórí pẹpẹ, nínú aṣọ tí ó ń dán bí ìràwọ̀, obìnrin kékeré kan wà tí ojú rẹ̀ dúdú, ọmọ rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìtàn tí àwọn ará ibẹ̀ ń sọ ni pé Áfíríkà ni ó ti wá: pé Ágọ́sítíìnì mímọ́, bíṣọ́ọ̀bù Hippo ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Àlùjíríà lónìí, ni ó ní kí wọ́n gbẹ́ ẹ, pé nígbà tí àwọn ọ̀tá kógun dé, ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ kan gbé e sínú ọkọ̀ ojú omi sá kọjá òkun, Chipiona sì ni ó gúnlẹ̀ sí. Bí ìtàn náà bá rí bẹ́ẹ̀ tàbí kò rí bẹ́ẹ̀, àwọn tí ń sọ ọ́ kò tijú pé láti ọ̀dọ̀ wa ni ìyá àwọn ti wá, èyí sì yà mí lẹ́nu ju gbogbo mábù Cádiz lọ.

Ọ̀rẹ́ mi dúró sẹ́yìn lẹ́bàá òpó, ó ká ọwọ́ sẹ́yìn bí ọmọ tí wọ́n rán níṣẹ́. Ètè rẹ̀ ń mì. N kò súnmọ́ ọn; ohun tí mo gbọ́ kò ju ọ̀rọ̀ kan tàbí méjì lọ, mo sì mọ̀ pé kì í ṣe Lárúbáwá. Lẹ́yìn náà ó rìn lọ síbi àpótí ọrẹ tí iná kéékèèké tò sí lórí, ó ti ọwọ́ bọ àpò, ó sọ yúrò méjì sínú rẹ̀, iná kékeré kan sì tàn láàrin àwọn ìyókù.

Nígbà tí a jáde sínú oòrùn, mo bi í léèrè pé ta ni ó sanwó fún.

"Gbèsè ìyá àgbà ni," ni ó wí, ó sì ní kí n yára, pé bọ́ọ̀sì kò ní dúró dè wá.